Bí A Ṣe Filé Sílẹ̀ Lọ Sùn Nínú Àgọ́ ní Ilẹ̀ Faransé

Ẹnu ọmọ mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó ti síkúù dé lọ́jọ́ kan, ó ju báàgì rẹ̀ sórí àga, ó ní gbogbo ọmọ kíláàsì òun ló ń sọ ibi tí wọ́n máa lọ fún họ́lídè, òun nìkan ni kò rí nǹkan kan sọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ Margate, etí òkun tí a lọ lọ́dún tó kọjá. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín la lọ.

"Mummy, Margate isn't a holiday. Camping ni gbogbo wọn ń lọ, ní France."

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbi kámpìn. Ó ní inú àgọ́ ni wọ́n máa ń sùn, wọ́n á dáná níta, wọ́n á lọ pọn omi, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á rìn lọ sí ibi tí gbogbo èèyàn ti ń wẹ̀. Mo ní ó dáa, ìyẹn náà ni wọ́n wá ń pè ní họ́lídè. Ní abúlé ìyá mi, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìgbádùn la wà.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi nìkan lọ́rọ̀ náà dé, ibẹ̀ náà ni ì bá kú sí. Àmọ́ ọkọ mi wà ní ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì gbà pé ohunkóhun tí òyìnbó bá ń fi ẹ̀rín ṣe, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Thamesmead ní London, ó rí ọkùnrin kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa nígbà ọ̀gìnnìtìn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí òun náà ti wọ ṣòkòtò péńpé, ó ti gba ọ̀nà odò lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ni nọ́ọ̀sì, òun ni aláìsàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gbé àpò gígùn kan ti ibi iṣẹ́ dé. Àgbàlagbà òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló yá a ní àgọ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Iyàrá mẹ́ta ló ní," ó ní.

"Daddy, méjì péré ni ti ilé wa," mo dá a lóhùn, "ṣùgbọ́n ó ní òrùlé."

Ó ní èmi ò mọ fáàjì. Òótọ́ ni. Títọ́jú àwọn arúgbó niṣẹ́ mi, láti ilé dé ilé ni mo sì ń lọ láti òwúrọ̀. Bí mo bá délé tán, fáàjì tèmi ni kí n jókòó sórí àga tí kò sí ẹnikẹ́ni tí mo máa gbé dìde lórí rẹ̀.

Mo wá ronú pé ẹnì kan ló lè bá mi yí i lọ́kàn padà. Mo fóònù Auntie.

Àbúrò ìyá ọkọ mi ni Auntie. Connaught Estate ní Woolwich ló ń gbé, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wó àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ tuntun. Nígbà tí a ti Ìbàdàn dé lórí físà iṣẹ́ ọkọ mi, òun ló kọ́ wa ní London. Ó kọ́ wa ní bọ́ọ̀sì tí a máa wọ̀. Ó fi ìsọ̀ tí iṣu rẹ̀ kì í dúdú nínú hàn wá. Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kí aládùúgbò ẹni, ìyẹn ni pé kí a má kí i. Kò sí ohun tí Auntie kò mọ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ ìlú kan lórí tẹlifíṣọ̀n, á ti sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àwọn ará Ítálì, ariwo. Àwọn ará Jámánì kì í rẹ́rìn-ín. "Àwọn Faransé? Wọn kì í kí èèyàn, búrẹ́dì wọn sì le bí igi." Ohùn ẹni tó ti fi eyín gé e ló fi ń sọ ọ́. Gbogbo wa gbà pé Auntie ti rin Yúróòpù já.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀," mo ní. "Ó ní inú àgọ́ la máa lọ sùn ní ilẹ̀ Faransé."

Auntie ní, "Ìgbà wo lẹ ń lọ?"

"Oṣù kẹjọ ló ń sọ, Auntie."

"Mò ń bá yín lọ. Ta ló fẹ́ mú yín mọ̀nà?"

Èmi tí mo lọ pe panápaná, panápaná gbé epo bẹntiróòlù dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, a kó gààrí, ìrẹsì, ẹja gbígbẹ, iṣu kan, ata, sítóòfù kékeré, àti kúlà méjì tó kún fún ọbẹ̀ sínú ọkọ̀. Ibi tó kù la fún èèyàn. A wa ọkọ̀ lọ gbé Auntie ní Woolwich. Mo ti ṣàlàyé fún un pé ẹ̀gbẹ́ odò ni, pé koríko ni, pé kó mú bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀. Ó jáde sí wa nínú léèsì, gèlè rẹ̀ dúró ṣinṣin, bàtà onígìgísẹ̀ lẹ́sẹ̀, báàgì tó bá bàtà mu ní apá.

"Auntie, inú igbó mà ni à ń lọ," mo ní.

"Ìyàwó, igbó kọ́ ni màá kọ́kọ́ dé. Bọ́dà ni màá kọ́kọ́ dé."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sínú ni, nítorí ìyàwó ilé ni mí.

Ní Dover, etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Faransé ti ń yẹ ìwé wò kéèyàn tó wọ ọkọ̀ ojú omi, bí a ṣe tò sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ tó ń lọ síwájú ọlọ́pàá Faransé, mo ṣàkíyèsí pé Auntie ti dákẹ́. Ó ti yọ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kúrò nínú áńkáṣíìfù tó fi wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n máa ní ká sọ̀kalẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ni tiwa, físà Faransé tí ojú wa rí màbo kí a tó gbà á ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó bẹ̀rù, àwa ni. Auntie tí ìwé fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló di ìwé mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà. Mo rò pé ebi ni. Mo fún un ní míìtì-páì. Ó ní kí n gbé e dúró ná.

Ọlọ́pàá náà bi ọkọ mi léèrè ibi tí a ń lọ. Ọkọ mi fi ọ̀yàyà dáhùn pé kámpìn ni. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wo gèlè Auntie, ó wo iṣu tó yọrí lẹ́bàá ọmọ mi, ó tún wo ọkọ mi. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá kóun náà wá wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé gbogbo wa, wọ́n ní kí a máa lọ. Auntie mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Míìtì-páì yẹn dà?"

A wọ ọkọ̀ ojú omi, a sọ̀ sí Calais ní ilẹ̀ Faransé. Ọkọ mi kò wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún rí láti ìgbà tí a ti kúrò ní Nàìjíríà, Auntie sì ti jókòó sí iwájú gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà. Tí fóònù bá ní ká ṣẹ́ sí ọ̀tún, Auntie á ní òsì ni. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni ọkọ mi, kò lè fi ti fóònù ṣe kó pa ti àgbà tì. A dé ráńdábaọ̀tù kan, a yí i po, a tún yí i po, títí tí ọkùnrin kan tó ń fọ wíńdò ní ilé kan níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí juwọ́ sí wa bí ojúlùmọ̀.

"Auntie, ẹ ní ẹ mọ ọ̀nà yìí," ni mo sọ láti ẹ̀yìn, mo rọra sọ ọ́.

"Wọ́n ti tún un ṣe," Auntie dáhùn. "Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, kò rí báyìí."

Nígbà tó yá a débẹ̀. Pápá gbalasa kan ni lẹ́bàá odò, àgọ́ àti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n sọ di ilé wà níbẹ̀ kítikìti. Ẹni tó múlé tì wá ni ọkùnrin àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀, ará Holland, tí wọ́n wà nínú ọkọ̀-ilé funfun kan tí wọ́n ta aṣọ ńlá sí iwájú rẹ̀ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí pa àgọ́. Ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pa á wà nínú àpò, ṣùgbọ́n ó ní àgọ́ lásán-làsàn kò gbọdọ̀ ṣòro fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lápá ọmọ ọwọ́. Baba ará Holland gbé àga jáde, ó bu kọfí, ó kọjú sí wa bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí kọfí tán, ó dìde wá, kò sọ nǹkan kan, ó bọ́ àgọ́ náà kúrò lórí òpó, ó yí inú rẹ̀ sí ìta, ó tún gbé e wọ̀. Àgọ́ náà dúró. Ọkọ mi ní ohun tí òun náà fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ó ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà fún Auntie. "Auntie, ẹ wá wo iyàrá yín."

Auntie bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ dáadáa. "Iyàrá dà? Aṣọ ni mo rí." Ó pa dà sínú ọkọ̀ wa, ó tẹ àga iwájú sẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì sùn ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Òun nìkan ni ẹ̀yìn kò dùn.

Nípa ti ilé ìgbẹ́, òkèèrè ni. Láàárọ̀, wàá rí gbogbo èèyàn, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù, tí wọ́n fi bébà ìnùdí há abíyá, tí wọ́n ń tò lọ nínú ìrì. Auntie tó ní àwọn Faransé kì í kí èèyàn. Láti ẹnu àgọ́ wa títí dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n kí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n má tètè débẹ̀. Ọmọ mi tó ń gba máàkì ńlá nínú Faransé ní síkúù, obìnrin kan bi í ní ìbéèrè níbi omi, ọmọ mi sì dá a lóhùn. Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo ní kí ló bèèrè. Ó ní òun ò mọ̀, òun kàn sọ fún un pé òun ní àbúrò méjì àti ehoro kan. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. A ò sì ní ehoro.

Ó di ọjọ́ kan, a wa ọkọ̀ lọ sí ọjà ìlú tó wà nítòsí. Ọ̀sán gangan ni ìjì dé. A sá sábẹ́ ìsọ̀ oníwàràkàṣì kan, a dúró títí tó fi dá. Nígbà tí a pa dà dé pápá, ojú ilẹ̀ ibi tí àgọ́ wa wà ṣófo. A rí i lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ti rọ̀ mọ́ igi kan létí odò, iyàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣọ wa àti ibùsùn wa ti rin gbingbin. Ìyàwó ará Holland ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ kúlà wa, sítóòfù wa àti ohun tó rí dìmú sábẹ́ aṣọ tí wọ́n ta síwájú ọkọ̀-ilé wọn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àgọ́ yẹn wọ pálọ̀ mi ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pé, ó ti dùn. Mo wá wo ọkọ mi níbi tó dúró sí, tó ń wo orí igi, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo tọ́jú ẹ̀ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kan bí ọbẹ̀.

Àwọn ará Holland ní ká wá jókòó lọ́dọ̀ àwọn. Auntie bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká apá léèsì rẹ̀ sókè, ó tan sítóòfù. Ó gbé ìrẹsì kaná, ó gbé ọbẹ̀ ata. Oòrùn tún ti yọ nígbà náà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Baba ará Holland jẹ ọbẹ̀ náà, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó sì tún na àwo rẹ̀ sí Auntie. Inú Auntie dùn sí i. Ó ní ọkùnrin yìí níwà.

Ìyàwó rẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì bi Auntie bóyá ó máa ń rìnrìn àjò. Kí Auntie tó la ẹnu, ọkọ mi ti dá a lóhùn. Ó ní kò sí ibi tí Auntie kò dé ní Yúróòpù. Obìnrin náà yọ̀. Ó bèèrè ibo ni Auntie dé ní Holland.

Auntie ń ro ọbẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ fún wa, kò gbójú sókè:

"Ẹ sọ fún un pé mi ò dé ibì kankan rí."

Ọkọ mi rò pé àwàdà ni. "Auntie, ilẹ̀ Faransé ńkọ́?"

"Ṣebí ibẹ̀ la wà yìí. Èyí ni àkọ́kọ́."

Auntie wá ń sọ ọ́ lọ bí ẹni tó ń sọ ohun tó rà lọ́jà. Ó ní nígbà tí òun dé London, físà òun tán, òun ò sì pa dà sílé. Òun fara pamọ́ fún ọdún gbọọrọ. Iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ lòun ń ṣe nígbà náà, ní ọ́fíìsì kan ní Victoria, ojú fèrèsé ibẹ̀ sì kọjú sí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Paris ti ń gbéra.

"Màá gbálẹ̀ dé ojú fèrèsé yẹn, màá dúró," Auntie ní. "Wọ́n á kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á lọ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tó ní ìwé, wọ́n á lọ, wọ́n á dé, wọ́n á máa ròyìn. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi, bí mo bá lọ, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi kí n pa dà wọlé?"

"Ṣùgbọ́n ẹ ti ní ìwé tipẹ́, Auntie," ọkọ mi ní.

"Mo ní in. Mo sì ti fi lọ sílé nígbà tó di dandan. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé iwájú àwọn tó ń wo ìwé, mo máa ń rò pé wọ́n á dá mi dúró. Kí ìwé tó dé, ẹ̀rù ti mọ́ mi lára. Kí n wá lọ fọwọ́ ara mi wá a kiri nítorí búrẹ́dì?"

Ọmọ mi, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn lo "ẹ," kọjú sí i. "Wait, Auntie, so o kàn ń parọ́ nípa búrẹ́dì yẹn?"

Mo fojú sọ̀rọ̀ sí i. Kò rí mi.

"Mi ò parọ́," Auntie ní. "Ó le. Mo ti tọ́ ọ wò lánàá."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa náà wá bá a rín in. Ìyá ará Holland ń wò wá láti ẹnì kan sí ẹnì kejì, ó ń retí orúkọ ìlú kan. Ọkọ mi ní kí ó máà bínú, pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá náà di Auntie lọ́wọ́ mú, ó ní ó gbọ́dọ̀ wá kí àwọn ní Holland. Auntie ní òun ti gbọ́.

Àwọn ará Holland gbà wá láyè láti sùn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aláṣọ wọn. Bí a ṣe ń mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Auntie ní òun fẹ́ dé Paris. Ọkọ mi ní kámpìn la bá wá. Auntie wo orí igi tí àgọ́ wa wà. Ọkọ mi lọ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

A dé Paris, a mú un dé ìdí ilé ìṣọ́ onírin tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Ṣé irin náà nìyí?"

"Òun ni, Auntie."

"Ó ga." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó wá sọ ibi tó fẹ́ lọ gan-an. Ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì London ti ń já èrò ni. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ wo odò, ká lọ wo àwọn ilé ńlá, pé kò sí nǹkan kan ní gáréèjì. Auntie ní òun gbọ́, kó máa wa ọkọ̀ lọ.

Ibi náà ṣókùnkùn, òórùn ìtọ̀ àti èéfín ló gbà á kan, àwọn ẹyẹlé sì ń jẹ ìdọ̀tí. A dúró. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì kan ti London dé. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sílẹ̀, aṣọ wọn ti rún, ojú wọn wú, ọmọ kan ń sunkún, ọkùnrin kan tó bọ́ bàtà rẹ̀ kò rí ẹ̀kejì. Auntie wò wọ́n tán pátápátá, títí dé orí ẹni tó sọ̀ kẹ́yìn.

"Ṣé ibí ni wọ́n ń já wọn sí?" ó bi mí.

"Ibí ni, Auntie."

"Láti ọjọ́ yìí wá." Ó mi orí. "Èyí ni mo ń jowú." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lórí àpótí ẹlẹ́rù kan, ó sì fi etí gèlè nu ojú. Mi ò wò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kí ọmọ mi lọ ra omi wá.

Bí a ṣe pa dà sílé nìyẹn. Ẹnì kan ní pápá tó ní àkàbà ló bá wa já àgọ́ sílẹ̀ lórí igi kí a tó kúrò, ó sì ti ya níbi mẹ́ta. Ọkọ mi ra tuntun fún ẹni tó yá a, ó ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ara rẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ káàkiri ibi iṣẹ́ wọn pé kò sí họ́lídè tó tó kámpìn, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan tó èèyàn. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Auntie pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé arúgbó kan jáde ni, mò ń dúró de bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Yarnton Way. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ń lọ kí àwọn ará Holland. Òun nìkan. Bọ́ọ̀sì lòun máa wọ̀.

"Auntie, ọkọ̀ òfurufú ló yá jù," mo ní.

"Mo ní bọ́ọ̀sì." Ó wá bi mí, "Ìyàwó, kí ni wọ́n ń jẹ ní Holland?"

"Mi ò mọ̀ o, Auntie. Mi ò débẹ̀ rí."

"Kò burú. Tí mo bá dé, màá sọ fún ẹ."